Kí Oúnjẹ Kó Wa Jọ Kí Òkú Tó Kó Wa Jọ

Ọ̀rọ̀ àsọyé lórí àjọjẹ ìdílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá bá yín ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó orí, kì í ṣe ti kòkó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìbò. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Kì í sì í ṣe ti bí a ó ṣe rí oúnjẹ jẹ, nítorí olúkúlùkù yín ni ó mọ bí òun ti ń bá ìyẹn jìjàkadì. Ọ̀rọ̀ àwọn tí a ń bá jẹ oúnjẹ náà ni: pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú ọ̀sẹ̀, kí bàbá àgbà àti ìyá àgbà, àwọn ọmọ wọn àti àwọn ọmọ-ọmọ wọn jókòó pọ̀, kí wọ́n sì jẹun pọ̀.

Ẹnìkan lè wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Kí ni ti òṣìṣẹ́ ìjọba nínú ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ilé mi?" Ìbéèrè náà kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè mìíràn dá a lóhùn. Nígbà wo ni gbogbo ọmọ bàbá yín péjọ sí ojú kan kẹ́yìn? Bí a bá ní kí a sọ òtítọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò dáhùn pé nígbà ìsìnkú ni: ìsìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá, tàbí ti ìyá àgbà, tàbí ti ìyàwó bàbá. Ọjọ́ náà ni ẹni tí ó wà ní Èkó dé, tí ẹni tí ó wà ní Kánò dé, tí àwọn ọmọ tí wọn kò fojú kan ara wọn rí sì ń bi ara wọn pé, "Ọmọ ta ni ọ́?"

Ẹ wo ohun tí a ń ṣe ní ọjọ́ náà. A ó pa màlúù. A ó se ìrẹsì nínú ìkòkò ńlá. A ó dá aṣọ ẹbí. Bí owó ọwọ́ wa kò bá tó, a ó yá kún un. Gbogbo rẹ̀ ni a ń ṣe ní orúkọ ẹni tí kò lè tọ́ ẹyọ ìrẹsì kan wò mọ́. Ó sì lè jẹ́ pé fún ọdún mẹ́ta tí ó ṣáájú ikú rẹ̀, òun nìkan ni ó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, tí ó ń jẹ ẹ̀kọ tútù, tí kò sí ẹni tí yóò bá a yọ egungun kúrò nínú ẹja. N kò wí pé kí a má ṣe ẹ̀yẹ fún òkú. Ẹ̀yẹ àgbà wà nínú àṣà wa. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹja kan ṣoṣo tí a rà fún àgbà nígbà tí ahọ́n rẹ̀ ṣì mọ adùn iyọ̀, ó sàn ju odindi màlúù tí a pa nígbà tí kò lè gbóòórùn ọbẹ̀ mọ́.

Àjọjẹ kì í ṣe ohun àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Kí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje tó dé, ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn baba wa ń kà sí ọ̀sẹ̀ kan. Bí a bá ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, a ń pè é ní ọrún. Òrìṣà kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ náà bá pé, àwọn ará ilé tí ń bọ òrìṣà náà yóò péjọ, wọn yóò ṣe ètùtù, wọn yóò sì jẹ, wọn yóò sì mu. Nígbà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù dé, ọjọ́ Jímọ́ọ̀ di ọjọ́ ìpéjọ fún àwọn Mùsùlùmí. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì, Townsend àti Crowther pẹ̀lú, tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, ọjọ́ Ìsinmi bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ láàárín wa. Ọjọ́ ni ó yí padà. Ìlànà kò yí padà. Ìlànà náà ni pé ènìyàn kò gbọ́dọ̀ máa sá kiri títí láé láìyà sí ilé bàbá rẹ̀.

Àwọn àgbàlagbà tí ó wà níhìn-ín rántí ìgbà tí ìrẹsì jẹ́ oúnjẹ ọdún, tí ọmọdé ń ka oṣù de Kérésìmesì tàbí Iléyá kí ó tó rí i jẹ. Lẹ́yìn náà ni ìrẹsì wọ ilé wọlé, tí ó sì di oúnjẹ ọjọ́ Ìsinmi ní ilé onígbàgbọ́ púpọ̀. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ó bọ́ aṣọ, a ó tẹ́ ẹní, òórùn ọbẹ̀ ata yóò sì ti gba gbogbo àdúgbò. Ilé bàbá àgbà ni a ń wọ́ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ rí, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ìrẹsì náà nìkan ni ó dùn.

Kí ni ó wá tú wa ká? Kì í ṣe ìwà burúkú. Ire ni ó tú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ká. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ tí ì bá gba àdá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ gba ìwé àti sìléètì. Ìwé ni ó sì mú un lọ sí Ìbàdàn, sí Èkó, sí òkè Ọya, àti sí òkè òkun. A kò lè bínú sí ìyẹn. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 1959, tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ojú tí ó ti ń wo ara wọn ní ìrọ̀lẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo àpótí kan ṣoṣo. Lónìí, olúkúlùkù ti gbé àpótí tirẹ̀ sínú àpò: fóònù alágbèéká. Bàbá ń wo tirẹ̀, ọmọ ń wo tirẹ̀, ọbẹ̀ ń tutù.

Àwọn àgbà wí pé ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe náà kò wí pé ogún ọmọdé kò gbọdọ̀ padà wá bá ara wọn jẹun. Láyé àtijọ́, oko kan náà ni bàbá àti ọmọ ń lọ, agbo ilé kan náà ni wọ́n ń sùn. Kò sí ẹni tí ó nílò láti dá ọjọ́ kí wọ́n tó rí ara wọn. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà náà, àfi kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe é nísinsìnyí. Ìdí nìyẹn tí mo fi wí pé kí a dá ọjọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo èrè tí ó wà nínú rẹ̀, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó gbà pé òun ń ṣe ojúṣe yìí nítorí pé òun ń fi owó ránṣẹ́, òun sì ń pe ìyá òun lórí fóònù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá kì í sọ àìsàn rẹ̀ fún ọmọ lórí fóònù. "Ara mi le, ọmọ mi, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ" ni yóò wí. Fóònù kò lè fi hàn yín pé ẹ̀wù rẹ̀ ti ń tóbi sí i lára. Kò lè fi hàn pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tí ó bá gbé ife, tàbí pé ó ń fi ọwọ́ wá ẹran nínú àwo nítorí pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ẹni tí ó bá ń bá a jẹun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni yóò rí i. Bí àgbà tí ó máa ń jẹ òkèlè mẹ́wàá bá ṣí ọwọ́ lẹ́yìn mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ yìí, tí ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ẹ ti mọ̀ pé ilé ìwòsàn ló kàn. Àìsàn tí a tètè rí sì ni a tètè ń wá nǹkan ṣe sí.

Nígbà tí ẹ bá sì ń se oúnjẹ náà, ẹ ro ti ẹnu àti ti ara àgbà mọ́ ọn. Ẹni tí eyín rẹ̀ ti ká kò lè ja ṣàkì. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò yẹ kí ó máa jẹ iyọ̀ àti èròjà oníyọ̀ púpọ̀. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ń ṣe, ẹ má da ọtí ẹlẹ́rìndòdò aládùn fún un pé ẹ ń kẹ́ ẹ. Mọ́ínmọ́ín tí a fi ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ kúrò sè, ó bá arúgbó tí kò ní eyín mu, ó sì bá ọmọ tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù mu. Oúnjẹ kan náà ni ó so ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé àti ìparí rẹ̀ pọ̀ nídìí àwo.

Èrè kejì jẹ́ ti àwọn ọmọdé, níhìn-ín ni mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin bàbá fi ara balẹ̀ gbọ́ mi. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, bí a ti ń pín ẹran kò tọ́. Bàbá ni ó ń gba ègé tí ó tóbi jù, àwọn ọmọ sì ń gba èyí tí ó kéré jù. Wọ́n sì ti fi ọ̀rọ̀ kan bo ojú rẹ̀: wọ́n ní ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin àti ẹran púpọ̀ yóò ya olè. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òtítọ́. Ẹyin kì í kọ́ ọmọ ní olè jíjà. Ebi ni ó lè kọ́ ọ. Ara bàbá ti dàgbà tán, ara ọmọ ni ó ṣì ń mọ. Ẹja, ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà ni a fi ń mọ ọ́n, bí a ti ń fi amọ̀ mọ ògiri.

Ní ọdún 1933, dókítà obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Cicely Williams kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó rí lára àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ẹsẹ̀ ọmọ á wú, irun rẹ̀ á pọ́n, inú rẹ̀ kò ní dùn sí ohunkóhun. Orúkọ tí àwọn ará Gà ń pe àìsàn náà ni kwashiorkor, èyí tí ó túmọ̀ sí àìsàn tí ń ṣe ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé. Oògùn rẹ̀ kò jìnnà: oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà ni. Nítòsí ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, dókítà David Morley ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà láti ọdún 1956 títí di ọdún 1961, ó sì tọpasẹ̀ ìdàgbàsókè àwọn ọmọdé ní ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé. Láti inú iṣẹ́ náà ni ìlò káàdì ìwọ̀n ọmọ ti gbilẹ̀, èyí tí ìyá ń mú dání lọ sí ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń fi àmì sí ní ìgbàkúùgbà tí wọ́n bá wọn ọmọ, kí wọ́n lè mọ ọmọ tí kò dàgbà bí ó ti yẹ kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀. Ẹ rí i pé ìlú wa ni ẹ̀kọ́ náà ti jáde lọ sí ibi púpọ̀ ní ayé. Kò yẹ kí ó jẹ́ àwa ni a ó gbàgbé rẹ̀.

Nítorí náà, kí ọjọ́ àjọjẹ jẹ́ ọjọ́ tí a ń tún ìpín ṣe. Kí àgbà fúnra rẹ̀ mú ẹran láti inú àwo rẹ̀, kí ó fi sí ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ojú gbogbo ilé. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ohun mìíràn tún wà. Àṣà wa ni kí àwọn ọmọdé jẹ nínú àwo kan. Ó ń kọ́ wọn ní ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá ń bu òkèlè mẹ́ta kí ọmọ ọdún méjì tó bu ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn jókòó sórí ẹní kan náà, ṣùgbọ́n kí ẹ bu ti ọmọ kékeré sínú àwo tirẹ̀, kí ìyá rẹ̀ lè rí iye tí ó jẹ. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú ìyá rẹ̀ nìkan ni oúnjẹ tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ mu omi, kò gbọdọ̀ mu àgbo. Mo mọ̀ pé lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ìyá àgbà àti ìyàwó ilé máa ń jà sí. Ìdí àjọjẹ ni ibi tí ó dára láti yanjú rẹ̀, kí ìyàwó ṣàlàyé ohun tí nọ́ọ̀sì wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ìyá àgbà sì gbọ́ ọ pẹ̀lú sùúrù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Èrè kẹta ni ti ìrántí. Àgbà kọ̀ọ̀kan tí ó jókòó ní ilé yín ni ó mọ ohun tí a kò kọ sínú ìwé kankan: ibi tí ìdílé ti ṣẹ̀ wá, oríkì ilé, ẹni tí a kò gbọdọ̀ fẹ́ nítorí ìbátan, igi tí ó jẹ́ ààlà oko wa àti ti aládùúgbò. Òmíràn lè rò pé ìtàn lásán ni. Kì í ṣe ìtàn lásán. Ní ọdún 1976, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn fi lè fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ ni ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹni tí ó bá gbára lé ìtàn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà dó, bí ó ti tẹ̀ ẹ́ dó, àti àwọn tí ó ti ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn títí ó fi kan òun. Bí orúkọ ẹnìkan bá fò nínú rẹ̀, ẹjọ́ lè ti ibẹ̀ wó.

Ẹ ro ó wò. Bàbá àgbà mọ orúkọ gbogbo wọn. Ọmọ rẹ̀ mọ mẹ́ta. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò mọ ẹyọ kan. Bí bàbá àgbà bá kú lọ́la, a ó pa màlúù, a ó lu ìlù, a ó sì sin ẹ̀rí ilẹ̀ wa mọ́ ọn. Nítorí náà, lẹ́yìn oúnjẹ ní ọjọ́ àjọjẹ kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí àgbà sọ ohun kan ṣoṣo, kò gbọdọ̀ pọ̀. Kí ọmọ ilé-ìwé tí ọwọ́ rẹ̀ dára jù sì kọ ọ́ sínú ìwé kan tí a yà sọ́tọ̀ fún ìdílé, pẹ̀lú ọjọ́ tí a sọ ọ́. Kí ó kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ àti ọjọ́ ikú àwọn tí ó lọ sínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọdún kan ní ọ̀sẹ̀ méjìléláàádọ́ta. Ní ìparí ọdún, ẹ ó ní ọ̀rọ̀ àgbà tí ó sún mọ́ méjìléláàádọ́ta ní ọwọ́, àní bí ojò bá tilẹ̀ dí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ tí ó ń kọ ọ́ náà yóò mọ̀ pé ìwé tí òun ń kà kò sọ òun di àjèjì nínú ilé òun.

Èrè kẹrin kan ilé olórogún. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni ó ní ààrò tirẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ń jẹun ní ìdí ààrò ìyá rẹ̀. Báyìí ni àwọn ọmọ bàbá kan náà ṣe ń dàgbà bí aládùúgbò: ọmọ ìyá mọ ọmọ ìyá, ọbàkan sì ń wo ọbàkan láti òkèèrè. Nígbà tí bàbá bá kú, wọn yóò jókòó láti pín ogún. Àwọn kan á ní kí a pín in ní ìdí-igi, iye ìyàwó ni iye ìpín. Àwọn kan á ní kí ó jẹ́ orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ni àṣà wa mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò jọ bu òkèlè rí, báwo ni wọn yóò ṣe jọ pín ilẹ̀ láìjà? Bí ààrò kọ̀ọ̀kan bá ń gba ọjọ́ àjọjẹ ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ yóò mọ adùn ọbẹ̀ gbogbo ìyá ilé, wọn yóò sì mọ ara wọn pẹ̀lú.

Ó kù bí a ó ti ṣe é. Èkínní, ẹ dá ọjọ́ kan, ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Fún onígbàgbọ́, ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi dára. Fún Mùsùlùmí, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ dára, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ Ìsinmi náà lè dára, nítorí pé ibi iṣẹ́ púpọ̀ ni a ń tì ní ọjọ́ náà. Ní abúlé tí ọjà rẹ̀ bá bọ́ sí ọjọ́ náà, ẹ yan ìrọ̀lẹ́ mìíràn. Ilé àgbà tí ó dàgbà jù ni kí ẹ ti jẹ ẹ́, kí ó má baà jẹ́ pé òun ni yóò máa rìn.

Èkejì, ẹ má sọ ọ́ di ìnáwó. Kì í ṣe àríyá, a kò dá aṣọ sí i, a kò sì pe onílù. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Nítorí náà, kí olúkúlùkù mú ohun tí agbára rẹ̀ ká wá. Ẹni tí ó ní iṣu, kí ó mú iṣu. Ẹni tí ó ní epo, kí ó mú epo. Ẹni tí kò ní ju ewé ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ, kí ó já a wá, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi ojú kéré rẹ̀. Bí ẹran bá wọ́n, ẹ se ẹ̀wà. Ara ọmọ kò mọ iye tí a ra oúnjẹ. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó mọ̀.

Ẹ̀kẹta, kò yẹ kí ọjọ́ ìsinmi ìdílé di ọjọ́ làálàá fún ìyàwó ilé. Bí àwọn obìnrin bá se ọbẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin pọn omi, kí wọ́n la igi, kí wọ́n gún iyán, kí wọ́n sì fọ àwo. Ọwọ́ tí ó mú odó kò dí ọ̀nà ọlá fún ẹnikẹ́ni. Kí ìyàwó tí ó se oúnjẹ sì jókòó jẹ ẹ́ nígbà tí ó ṣì gbóná, kí ó má jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ìkòkò ni ó kù fún un.

Ẹ̀kẹrin, ìmọ́tótó. Kí gbogbo ènìyàn fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn wẹ ọwọ́, àgbà àti ọmọdé. Omi inú abọ́ kan tí ogún ènìyàn ń ti ọwọ́ bọ̀ kì í ṣe ìwẹwọ́. Ọmọ tí ó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ni yóò bá àgbà jẹun. Oúnjẹ tí ó bá ṣẹ́kù, ẹ gbé e sí ibi tí eṣinṣin kò lè dé, kí ẹ sì gbé e kaná títí yóò fi hó kí ẹ tó tún jẹ ẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, kí ìdí oúnjẹ má di kóòtù. Ẹni tí ó jẹ gbèsè, ẹ má bi í léèrè nígbà tí òkèlè wà ní ẹnu rẹ̀. Ọmọ tí kò yege nínú ìdánwò, ẹ má fi ṣe ẹ̀sín ní ojú àbúrò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bá gba ìjókòó, ẹ mú un di ẹ̀yìn tí a bá ti palẹ̀ mọ́, kí àwọn tí ọ̀ràn kàn nìkan sì dúró. Kí a kó gbogbo fóònù sínú igbá kan ní ẹnu ọ̀nà, ti bàbá ni kí ó kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn oúnjẹ, kí àwọn ọmọ ka ìwé ìròyìn sí etí àwọn àgbà tí ojú wọn ti ń ṣú, kí àwọn àgbà sì pa àlọ́ kan fún wọn.

Ẹnìkan yóò wí pé, "Àwọn ọmọ mi jìnnà, wọn kò lè wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀." A kò ní kí ẹni tí ó wà ní Kánò wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Àwọn tí ó wà ní ìtòsí ni kí ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó jìnnà, kí wọ́n mọ ọjọ́ náà, kí wọ́n pè ní wákàtí náà, kí gbogbo ilé kí wọn, kí wọ́n sì fi owó ẹja ránṣẹ́ nígbà tí ó bá ṣeé ṣe. Nígbà tí àyè bá yọ, ọjọ́ náà ni kí wọ́n fi ìrìn àjò wọn sí. Bí àgbà kan kò bá sì ní ọmọ, tàbí tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ, kí ẹni tí ó bá a mú ilé gbà pé àjọjẹ tirẹ̀ náà ni. Ẹnìkan kò pọ̀ jù nídìí àwo tí ènìyàn mẹ́wàá yí ká.

Ẹ̀yin ará mi, n kò bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ́ ilé, bẹ́ẹ̀ ni n kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dá owó jọ. Ìkòkò wà ní ilé, ẹní wà ní ilé, àgbà sì ṣì wà ní ilé. Ohun kan ṣoṣo tí kò dúró de ẹnikẹ́ni nínú wọn ni àgbà náà. Bí ẹ bá ti ń lọ sí ilé ní alẹ́ yìí, kí ẹ tó sùn, ẹ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ bàbá yín tí ó wà ní ìtòsí, kí ẹ sọ ọjọ́ fún wọn, kí ẹ sì bi ìyá àgbà léèrè ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ jẹ. Bí ó bá ní mọ́ínmọ́ín ni, ẹ rẹ ẹ̀wà sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó mọ́.

Kí oúnjẹ máa pọ̀ ní ilé wa, kí á sì máa rí ara wa bá jẹ ẹ́.